Ta Ló Fi Oògùn Sílẹ̀ De Bàbá Káfíńtà?

Sílípáàsì rọ́bà ni, aláwọ̀ búlúù, irú èyí tí gbogbo wa ń wọ̀ lọ sí balùwẹ̀. Ìṣó ínṣì méjì gún un láti ìsàlẹ̀, ó là á kọjá, ó sì wọ àtẹ́lẹsẹ̀ àbúrò ìyá mi, tí gbogbo àdúgbò wọn l'Óṣogbo ń pè ní Bàbá Káfíńtà. Àárọ̀ ni ìṣó náà wọlé. Ọ̀sán gangan ni Bàbá tó mọ̀, kì í sì í ṣe òun fúnra rẹ̀ ló mọ̀ ọ́n. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ló rí ẹ̀jẹ̀ tó ń kán tẹ̀ lé e nínú lẹ́búlẹ́bú pákó, tó fi ké pé, "Ọ̀gá, ẹ ti fara pa o!" Bàbá bẹ̀rẹ̀, ó fẹ́ bọ́ sílípáàsì, kò bọ́. Ìṣó ti kàn án mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ bí ìgbà téèyàn kan pákó mọ́ ògiri.

Ẹsẹ̀ náà kọ̀, kò jinná. Kí oṣù kan tó pé, ọmọ ìka tó kéré jù ti dúdú bí èédú, òórùn sì ti gba yàrá. Nígbà yẹn gbogbo ẹbí ti mọ ohun tó fà á, kì í sì í ṣe ìṣó. Ta ni ìṣó ò gún rí nínú káfíńtà? Wọ́n ní ẹnìkan ló fi oògùn sílẹ̀ dè é, òun ló sì lọ tẹ̀ ẹ́. Àwọn kan tilẹ̀ ti mọ ẹni náà: káfíńtà tó wà ní òdìkejì títì, tí òun àti Bàbá jọ du iṣẹ́ àga ṣọ́ọ̀ṣì kan, tí iṣẹ́ náà sì bọ́ sọ́wọ́ Bàbá. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?

Òwe yẹn gan-an ni mo wá bá jà. Òwe àgbà ni, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ẹ tún un gbọ́ dáadáa: ìbéèrè ló fi parí. Àwa la sọ ọ́ di ìdájọ́. Àjẹ́ ké, ọmọ kú, ẹjọ́ parí. Kò sẹ́ni tó béèrè ohun tó ṣe ọmọ náà gan-an, bóyá ibà ni, bóyá ó ti ń yàgbẹ́ gbuuru láti ìjẹta tí wọn ò fún un lómi.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé àwọn tí kò kàwé ni mò ń bá wí. Nínú ẹbí tiwa, ẹni tó kọ́kọ́ sọ pé "ẹ má jẹ́ kó jẹ́ ti òyìnbó nìkan o," olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni. Nọ́ọ̀sì kan wà tó rẹ ohùn sílẹ̀ nínú kọ́rídọ̀ tó sọ irú rẹ̀ fún ìyàwó Bàbá. Ẹ tan rédíò lówùúrọ̀, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi gbọ́ ẹni tó ń ta àgbo tó máa dárúkọ egbò àdáàjinná pọ̀ mọ́ àránsí àti àwọn tó tẹ ohun tí kò yẹ kí wọ́n tẹ̀. Pásítọ̀ ń sọ ọ́, àfáà ń sọ ọ́, babaláwo ń sọ ọ́. Ohun tí àwọn mẹ́ta wọ̀nyí fi ẹnu kò sí lórí kò pọ̀ láyé yìí, ẹsẹ̀ tó ń jẹrà wà lára rẹ̀.

Ẹ̀rí wọn kì í ṣe ẹ̀rí yẹpẹrẹ, ẹ jẹ́ kí n gbé e kalẹ̀ bí wọ́n ṣe ń gbé e kalẹ̀. Egbò tí a mọ̀ máa ń dunni. Èyí kò dùn ún. Egbò tí a mọ̀, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ó ti ń sé. Èyí ń jẹun lọ sínú ni. Egbò tí a mọ̀ kì í sọ ẹran ara di dúdú. Kì í ṣe ojú lásán, wọ́n á ní. Èmi náà gbà pẹ̀lú wọn dé ibẹ̀: kì í ṣe ojú lásán. Ibi tí a ti pínyà ni pé wọ́n fò láti "kì í ṣe ojú lásán" bọ́ sí "ọwọ́ ayé ni" láì kan ilẹ̀kùn kankan láàárín ọ̀nà.

Àtọ̀gbẹ ló jókòó sí àárín ọ̀nà yẹn. Bí ṣúgà bá pọ̀ lápọ̀jù nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọdún mélòó kan, ó máa ń ba àwọn iṣan tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń gbé ìrora lọ sí ọpọlọ jẹ́. Àwọn tó gùn jù ló kọ́kọ́ ń bà jẹ́, àwọn tó sì gùn jù nínú ara èèyàn ni àwọn tó lọ dé ẹsẹ̀. Á kọ́kọ́ dà bíi pé èèrà ń rìn lábẹ́ awọ. Á máa ta aláìsàn lóru bíi pé wọ́n fi ata rẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, á dákẹ́. Ẹni tó ni ẹsẹ̀ á dúpẹ́, á ní ara òun ti ń yá, nígbà tó jẹ́ pé ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni ìbẹ̀rẹ̀ wàhálà. Ẹsẹ̀ náà ò ní làágùn mọ́, gìgísẹ̀ rẹ̀ á gbẹ, á sán. Àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tó ń sọ̀ kalẹ̀ síbẹ̀ á máa fún, débi pé ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó gbé oúnjẹ àti oògùn dé ojú egbò kò ní í débẹ̀ dáadáa. Kòkòrò àìfojúrí, tí gbogbo wa ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ lójoojúmọ́ tí wọn kì í rí wa gbé ṣe, á wá rí ilé tí onílé ti sùn lọ. Nítorí náà, kò dùn ún nítorí pé iṣan ti kú. Kò jinná nítorí pé ẹ̀jẹ̀ kò tó. Ó dúdú nítorí pé ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé rárá, ẹran ibẹ̀ ti di òkú ẹran.

Àwọn ìyá wa máa ń sọ fún wa pé eku ilé a máa jẹni lẹ́sẹ̀ lóru, a sì máa fẹ́ atẹ́gùn sí i kí onítọ̀hún má bàa jí. Ní 2005, dókítà kan tó ń jẹ́ Zulfiqarali Abbas àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Dar es Salaam, ní ilẹ̀ Tàǹsáníà, kọ ìròyìn nípa àwọn alátọ̀gbẹ tí eku jẹ lẹ́sẹ̀ lójú oorun, tí wọn ò mọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. Eku kankan ò fẹ́ atẹ́gùn sí wọn lẹ́sẹ̀. Bí eyín eku ò bá jí èèyàn, kí ni ìṣó ínṣì méjì fẹ́ ṣe?

Ohun tó ń dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé èdè wa ò ṣàìmọ àìsàn náà. Ẹ fetí sí orúkọ rẹ̀: à-tọ̀-gbẹ. Ẹni tó ń tọ̀ títí tí ara rẹ̀ fi ń gbẹ. Àwọn tó sọ ọ́ lórúkọ yìí ti wo ìtọ̀, wọ́n ti rí èèrà tó ń kóra jọ síbi tí aláìsàn tọ̀ sí, wọ́n ti wo eegun tó ń yọ ní èjìká. Ara aláìsàn ni wọ́n gbójú lé, wọn ò wo òdìkejì títì. Àmọ́ orúkọ náà dúró síbi ìtọ̀, kò sọ̀ kalẹ̀ dé ẹsẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀gbọ́n ìyá mi fi bi mí léèrè, tinú-tinú, nígbà tí mo ní kí wọ́n lọ yẹ ṣúgà wò: "Kí ló kan ìtọ̀ kan ẹsẹ̀?"

Ìbéèrè gidi ni, ó dára ju òwe àjẹ́ lọ fíìfíì. Ọmọ tó ni kẹ́míìsì lẹ́bàá ilé ló bá wa dáhùn rẹ̀. Ó gún Bàbá níka, ó fi pépà tẹ́ẹ́rẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀. Ẹ̀rọ tó fi wọn ṣúgà ò kọ nọ́ńbà kankan. HI ló kọ. Ọmọ kékeré kan ní ẹ̀rọ ń kí Bàbá, gbogbo wa sì rẹ́rìn-ín, títí ọmọ kẹ́míìsì fi ṣàlàyé pé ṣúgà ara Bàbá ti kọjá iye tí ẹ̀rọ lè kà. Púpọ̀ nínú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ máa ń kà dé 600. Ẹni tí ara rẹ̀ le, tí kò tíì fẹnu kan nǹkan kan láàárọ̀, kì í tó 100. Bó bá ti di 126 lẹ́ẹ̀mejì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, àtọ̀gbẹ ni dókítà máa pè é. Owó tí ọmọ náà gbà lọ́wọ́ wa ò tó owó àkùkọ funfun tí wọ́n ti rà lọ́sẹ̀ tó ṣáájú.

Ọ̀sẹ̀ karùn-ún nìyẹn. Méjì ti lọ sídìí àgbo, méjì sórí òkè àdúrà, ọ̀kan sídìí àríyànjiyàn. A ò sì dá wà. Láti oṣù Kẹta 2016 di oṣù Kẹta 2017, àwọn dókítà ní ilé ìwòsàn ńlá mẹ́fà ní Nàìjíríà tọpa aláìsàn 336 tí wọ́n gbà sí wọ́ọ̀dù nítorí egbò ẹsẹ̀ àtọ̀gbẹ. Ní 119 nínú wọn, wọ́n ní láti gé nǹkan kúrò lẹ́sẹ̀ náà. 69 ló kú. Nígbà tí wọ́n fi dé wọ́ọ̀dù, egbò náà ti tó nǹkan bí ogójì ọjọ́ lára wọn, èyí tó sì pọ̀ jù nínú wọn, ó ti wọnú lọ tàbí kí ó ti máa jẹrà. Ẹ gbé ogójì ọjọ́ yẹn síwájú. Ta ló ní in? Bí ọ̀tá kan bá tilẹ̀ wà tó fi nǹkan sílẹ̀, ọjọ́ kan péré ni tirẹ̀. Mọ́kàndínlógójì yòókù, àwa àti àwọn tó fẹ́ràn aláìsàn jù lọ la jọ ná an tán. A fẹ́ràn láti máa sọ pé kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà, ojú àwọn orogún àti ìyekan la sì máa ń wò bí a bá ń sọ ọ́. Òótọ́ ni, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Inú ẹ̀jẹ̀ Bàbá gan-an ló wà.

Èrò ọwọ́ ayé yìí ní àbúrò kan tí kì í jẹ́ kó rìn lóun nìkan: "Bẹ́ ẹ bá gbé e lọ sílé ìwòsàn, wọ́n á gé e lẹ́sẹ̀ ni." Mo ti gbọ́ ọ débi pé mo lè fi orin kọ ọ́. Ó dà bí ẹni tó ń bú igún pé òun ló ń pa ẹran, nítorí pé ìdí òkú ẹran ló ti máa ń bá a. Ẹni tó bá gbé egbò ọjọ́ mẹ́ta lọ, wíwẹ̀ ni wọ́n á wẹ̀ ẹ́, wọ́n á gé awọ tó ti kú kúrò, wọ́n á fún un ní oògùn apakòkòrò, wọ́n á bá a mú ṣúgà wálẹ̀, wọ́n á ní kó má tẹ ẹsẹ̀ náà mọ́lẹ̀, á sì padà sílé. Kò sẹ́ni tó ń sọ ìtàn tirẹ̀ ládùúgbò, nítorí pé kò sí ìtàn níbẹ̀. Ẹni tó lọ lọ́jọ́ ogójì ni ìtàn rẹ̀ ń kárí ìlú.

Àwọn kan á ní mò ń gàn ìṣẹ̀ǹbáyé. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti lé ní ogójì ọdún nínú wa á rántí sòbìà: aràn funfun, gígùn bí okùn, tó máa ń yọrí lẹ́sẹ̀, tí a fi ń wé igi tín-ín-rín díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ kó má bàa já sínú. Ní Ìdèrè, ní ilẹ̀ Ìbàràpá, àwọn àgbẹ̀ máa ń wà nílẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ oko le jù, tí ẹsẹ̀ wọn á wú bí ìgò, tí kòkòrò mìíràn á tún bá ojú egbò sòbìà wọlé. Kí la sọ nígbà yẹn? Àwọn kan ní àbímọ́ ni, ó wà lára kálukú bí iṣan. Àwọn mìíràn ní Ṣànpọ̀nná ló ń jà. Nígbà tí wọ́n kà á jákèjádò Nàìjíríà ní òpin àwọn ọdún 1980, àwọn tó ní in lé ní 650,000. Omi adágún tí à ń mu ni. Kòkòrò omi tíntínní kan ló ń gbé ọmọ aràn mì, àwa náà ń gbé kòkòrò náà mì, aràn á sì gba nǹkan bí ọdún kan kó tó jáde lẹ́sẹ̀. Aṣọ asẹ́ àti kànga tó mọ́ ló lé e lọ. Ẹni ìkẹyìn tó ní in ní Nàìjíríà, 2008 ni. Ní 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó ti kúrò nílẹ̀ wa. Ṣànpọ̀nná ò gba ìrúbọ kankan lọ́wọ́ wa kó tó lọ, n ò sì rò pé àwọn ọ̀tá wa kóra jọ ní 2008 láti sinmi ìkà.

Lẹ́yìn ẹnubodè, ní Pobẹ̀, láàárín àwọn Nàgó ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ilé ìwòsàn kan wà láti 2003 fún egbò kan tí wọ́n ń pè ní Bùrúlì. Kókó kékeré tí kì í dunni ló fi ń bẹ̀rẹ̀, á wá bẹ́, á sì di egbò ńlá lẹ́sẹ̀ tàbí lápá. Ọwọ́ ayé ni wọ́n ń pe ìyẹn náà. Oògùn apakòkòrò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ló ń wò ó. Àwọn ará Nàìjíríà náà ń sọdá lọ gbà á.

Mo mọ ibi tí àwọn ọ̀mọ̀wé inú wa máa ń sá sí bí ọ̀rọ̀ bá dé ibí yìí. Wọ́n á ní ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí, ká ṣe tibí ká ṣe tọ̀hún. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Ṣùgbọ́n mi ò tíì rí ilé kan tí wọ́n ti ṣe méjèèjì lọ́jọ́ kan náà. Tọ̀hún ló máa ń ṣíwájú, ilé ìwòsàn á sì wá di ibi tí a ń gbé àjẹkù lọ. Ẹni tó bá fẹ́ gbàdúrà kó gbàdúrà, ẹnu ò sí níbi egbò. Ohun tí mo kọ̀ ni eérú, ọ̀rá àgùntàn àti ewé tí wọ́n gún lórí ilẹ̀ lásán tí wọ́n ń kì bọ ihò tí ìṣó lu. Inú erùpẹ̀ àti ìgbẹ́ ẹran ni kòkòrò tẹ́tánọ́ọ̀sì ń gbé, èyí tó ń ti eyín pa. Ihò jíjìn tí atẹ́gùn ò dé ló sì fẹ́ràn jù.

Ẹ̀bi tèmi náà wà níbẹ̀, n kò ní fi pamọ́. Lọ́jọ́ kejì tí ìṣó gún Bàbá, èmi ni mo sọ lórí fóònù láti Ìbàdàn pé kí wọ́n fi omi gbígbóná àti iyọ̀ tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ẹsẹ̀ tí ìṣó ò dùn, ṣé omi gbígbóná ló máa dùn ún? Bàbá ń bá wọn sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù lọ, awọ ẹ̀yìn ẹsẹ̀ rẹ̀ ń lé ròrò. Ibẹ̀ náà di egbò. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹnìkan tú kápúsù pupa-àti-yẹ́lò sójú rẹ̀, ó gbẹ, ó di èépá, gbogbo wa yọ̀ pé ó ti ń san, ọyún sì ń rìn kiri lábẹ́ èépá náà. Omi tó mọ́ tí kò gbóná, aṣọ tó mọ́ tí a fi bò ó, kí ẹsẹ̀ má tẹ ilẹ̀, kí a sì wá dókítà lọ́jọ́ yẹn gan-an: gbogbo ohun tó yẹ kí n sọ nìyẹn. Kò tó ìṣẹ́jú kan lórí fóònù.

Àwọn ará Òkè Ọya tó ń gé èékánná kiri, tí wọ́n ń já sísọ́ọ̀sì wọn fáá-fáá lójú ọ̀nà, Bàbá ni oníbàárà wọn pàtàkì. Sísọ́ọ̀sì kan náà, láti ẹsẹ̀ dé ẹsẹ̀, bíléèdì kan náà tí wọ́n fi ń fá ibi tó yi lábẹ́ gìgísẹ̀. Ewu ni fún ẹni tí ara rẹ̀ le pàápàá. Fún alátọ̀gbẹ, ó dà bí ìgbà téèyàn ṣílẹ̀kùn fún olè tó tún bá a gbé fìtílà dání. Bẹ́ẹ̀ náà ni àárín ọmọ ìka tó ń rin, tó ń bó, tó ń yún, tí a kì í kà sí nǹkan kan; ojú ọ̀nà ni fún kòkòrò tó burú ju èyí tó ń yún lọ. Aṣọ gbígbẹ la fi ń nu ún lẹ́yìn ìwẹ̀, gbogbo ẹ̀ ò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ilé ìwòsàn ò mọ́ nínú ẹjọ́ yìí o. Ọdún mẹ́rin gbáko ni Bàbá fi ń lọ gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ní ibì kan tí n kò ní dárúkọ. Ní gbogbo ọdún yẹn, kò sí dókítà kan tó ní, "Bàbá, ẹ bọ́ bàtà yín kí n wò." Ohun èlò tí wọ́n fi ń yẹ ìmọ̀lára ẹsẹ̀ wò ò ju fọ́nrán ọ̀rá kan lọ, tó máa ń tẹ̀ bí a bá fi ìwúwo giramu 10 tì í sára; ẹni tí kò bá mọ̀ pé ó kan òun lẹ́sẹ̀, ewu ti dé. Wọn ò fi kàn án rí. Lọ́jọ́ tí a sì gbé e dé pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ń rùn, wákàtí mẹ́fà la fi wà lórí bẹ́ńṣì kí owó tó pé. Ìyàwó rẹ̀ yíjú sí mi láàárín wákàtí karùn-ún, ó ní, "Ṣé o rí i? Wòlíì ò gbowó ká tó wọlé." N ò ní èsì. Ẹni tó bá fẹ́ kí èèyàn fi ọwọ́ ayé sílẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ọwọ́ tirẹ̀ tó máa nà jáde, kó má jẹ́ pé rìsíìtì nìkan ló máa wà nínú rẹ̀.

Ìsàlẹ̀ orúnkún ni wọ́n ti gé e. Ọmọ ìka kan ṣoṣo ni ìbá jẹ́, dókítà sọ bẹ́ẹ̀ láì gbójú sókè. Bàbá ti padà sí ṣọ́ọ̀bù báyìí, orí àpótí ló ti ń ṣiṣẹ́, abẹ́rẹ́ ínsúlínì rẹ̀ wà nínú ìkòkò omi tútù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ayùn. Ní alaalẹ́, ọmọ ọmọ rẹ̀ á fi tọ́ọ̀ṣì fóònù wo àtẹ́lẹsẹ̀ kejì, á na ọwọ́ sínú bàtà wò kí Bàbá tó wọ̀ ọ́ láàárọ̀. Ìṣó ínṣì méjì méjì ṣì wà nínú páálí lórí tábìlì. Bàbá ló ń rà wọ́n, láti ọjọ́ pípẹ́.

Káfíńtà òdìkejì títì wá kí i nígbà tó dé láti wọ́ọ̀dù. Ó gbé ọ̀pá méjì tí wọ́n ń kì sí abíyá rìn dání, igi àfàrà, òun fúnra rẹ̀ ló fá a, ó fi fóòmù àti awọ di orí rẹ̀ kó má bàa máa dun Bàbá. Ó ti wọn gígùn rẹ̀ lójú lásán láti òkèèrè, ó sì bá a mu. Ìyàwó Bàbá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi etí aṣọ gbà á, kò fi ọwọ́ kàn án. Ẹ̀yìn ilé ìdáná ni ọ̀pá náà wà títí di òní, òjò ti ń bọ́ awọ orí rẹ̀.